Ta Ló Ni Lọ́yà Yìí?

  

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ondó, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló mọ̀ mí sí. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti jogún ọṣẹ dúdú, ọwọ́ bàbá mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ni mo ti jogún Ògún, mi ò sì fi ìkankan sílẹ̀. Ondó ni mo ti ń sè é, Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń tà á. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan fún ìwé ilé wa, mo ní kí lèmi mọ̀ tí mo máa kọ? Ọmọ mi ló ní, "Màámi, ẹ sọ ọ̀rọ̀ lọ́yà yẹn." Òun náà ni mo wá sọ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń ta egbòogi, tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tó ń rọ irin, tí kò sì ní lọ́yà kankan. A máa ń rò pé ẹjọ́ ló ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní 2014, bàbá àgbàlagbà kan ní Ondó fún mi ní àyè lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kí n máa sanwó lọ́dọọdún. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọṣẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ti ń gbà á. Èéfín wà níbẹ̀, eérú èèpo kòkó wà níbẹ̀, àdín ń rùn, omi sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bàbá yìí gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ṣùgbọ́n ó bá mi pa obì, a jọ jẹ ẹ́, ó sì sọ fún mi pé, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, títí tó fi máa rẹ̀ ọ́, ibí ni wàá ti máa sè é."

Lẹ́yìn èyí ni bàbá ní kí lọ́yà òun kọ àgírímẹ́ńtì. Lọ́yà kọ ọ́, mo san owó àgírímẹ́ńtì lé owó háyà, mo fọwọ́ sí ibi tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí. Mi ò kà á. Kí ni mo fẹ́ kà? Èmi àti bàbá ti jẹ obì. Èmi ni mo sì sanwó lọ́yà, nítorí náà, lọ́kàn tèmi, lọ́yà mi ni.

Ọkàn mi balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbẹ́ kànga. Mo mọ bulọ́ọ̀kù yí ká, mo kan páànù lé e, mo ṣe ààrò mẹ́rin, mo to ajere tí mo fi ń sẹ́ eérú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àjọ ọdún mẹ́ta ló wọ ibẹ̀.

Ní 2021, bàbá papòdà. A sin ín, mo bá wọn ná owó níbẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi kọ lẹ́tà sí mi: ₦60,000 tí mò ń san lọ́dún ti di ₦250,000. Bí mi ò bá lè san án, kí n kó jáde.

Mi ò tiẹ̀ bẹ̀rù. Mo di àgírímẹ́ńtì mi sínú ọ̀rá, ó di ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. Mo rojọ́ mi tán. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Àwọn ẹbí bàbá ni oníbàárà mi. Èmi ni mo bá wọn kọ lẹ́tà tẹ́ ẹ mú dání yẹn."

Mo wo lẹ́tà, mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe èmi ni mo sanwó fún yín ni?"

Ó ní, "Owó ìwé lẹ san, Màmá. Ẹ ò gbà mí síṣẹ́."

Kò parọ́ fún mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn níbi púpọ̀: onílé ló ń mú lọ́yà wá, ayálégbé ló ń sanwó. Ó wá ka ìlà kan fún mi nínú ìwé tí mo ti fọwọ́ ara mi sí láti ọdún méje: ohunkóhun tí ayálégbé bá kọ́ tàbí tó bá gbẹ́ sórí ilẹ̀ náà di ti onílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Kànga mi nìyẹn. Ààrò mi nìyẹn. Mo sunkún délé.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá bàbá babaláwo wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú ń bí mi, mo fẹ́ fi irin pè wọ́n. Bàbá dá Ifá, Ifá ní kí n rúbọ, mo rú u. Lẹ́yìn tí bàbá ti kó ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ìwọ àti olóògbé lẹ jọ jẹ obì. Ó pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, wọn ò ṣèlérí kankan fún ọ. Kí lo fẹ́ kí Ògún bi wọ́n? Ifá ní kó o rúbọ, kò ní kó o má wá ẹni tó mọ òfin."

Ọ̀rọ̀ yẹn là mí lójú. Obì so èmi àti bàbá pọ̀, kò so èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ẹ mulẹ̀ lè jẹ́ olóòótọ́ délẹ̀délẹ̀, kó sì kú. Tó bá kú tán, ìwé ló kù nílẹ̀. Ìwé tó kù nílẹ̀ fún mi, ẹni tí kì í ṣe tèmi ló kọ ọ́.

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá lọ́yà kiri. Ní Ondó wa, tá a bá ti ní lọ́yà, Gani Fawehinmi ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ọmọ wa ni, wọ́n bí i ní 1938, ó sì kú ní 2009. Ó bá ìjọba ológun fà á, wọ́n tì í mọ́lé léraléra, kò gbọ̀n. Nítorí náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe ní lọ́yà tó lè pariwo ni kí n wá, kí wọ́n lè bẹ̀rù. Ó mú mi lọ bá ọ̀kan tó máa ń gba béèlì èèyàn. Onítọ̀hún mọ iṣẹ́ tirẹ̀ o, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣí ewé kejì àgírímẹ́ńtì mi tó fi ní, "A máa gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Gani tí a ń sọ yẹn gan-an, ariwo rẹ̀ ní ìwé nídìí. Òun ló dá Nigerian Weekly Law Reports sílẹ̀ ní 1985, ìwé ìdájọ́ tí àwọn lọ́yà ń kà títí dòní. Ẹni tó ń ka ìwé kó tó pariwo ni mò ń wá, tó bá tiẹ̀ lè jẹ́ pé kò ní pariwo rárá.

Lọ́yà kan wà nínú àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Inú mi dùn bí mo ṣe ń lọ bá a, nítorí bí awo ò bá gbe awo, awo á tẹ́. Mo sọ orúkọ ẹbí náà fún un, ó dá mi dúró. Ó ní, "Ìyá mi, ilé yẹn ni wọ́n ti fẹ́ ìyàwó àbúrò mi. Mi ò lè gbà á." Ojú mi kọ́rẹ́. Ó ní, "Ìyá, gbígbè tí mò ń gbè yín nìyí. Tí mo bá gbà á tí ọkàn mi sì pín sí méjì, ẹ̀yin ló máa jìyà rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tú ẹrù yín kalẹ̀ níwájú lọ́yà kankan, ẹ bi í pé: ta ló ni yín nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ dárúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kó sọ bóyá ó ti bá ọ̀kankan nínú wọn ṣiṣẹ́ rí."

Ó tún sọ fún mi pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ kóòtù dúdú ni lọ́yà. Orúkọ ojúlówó lọ́yà wà nínú ìwé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ní Nàìjíríà, ó sì ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, tí orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀ wà lára rẹ̀. NBA ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, ó ní ní Ondó, èèyàn lè lọ bèèrè níbẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé òfin kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gbowó láti kọ ìwé ilẹ̀ tàbí ilé fún èèyàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ wo iye ajẹ́ńtì tó ń kọ àgírímẹ́ńtì fún wa lójoojúmọ́.

Mo wá mú lọ́yà mẹ́ta, mo ní mo máa rí gbogbo wọn kí n tó sanwó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo kó dání. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí lọ́yà wa kọ́ mi. Èkejì ni: kí ló máa ná mi, ṣé ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ̀kẹta, tèmi ni: bí ọ̀rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù, irin ni mo máa fi búra, ṣé kò ní tì yín lójú?

Ti àkọ́kọ́, Àkúrẹ́ ni, ní Alágbàká, ọ́fíìsì ńlá, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò. Nígbà tí mo dé ìbéèrè kẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé pélébé kan yọ nínú dúróà, ó ní kí n lọ kà á kí n lè rí ìgbàlà. Ìgbàlà kànga mi ni mo bá wá. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Èkejì, Àkúrẹ́ náà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin, ó lọ́yàyà, ó ń pè mí ní "Màmá mi". Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun mọ adájọ́, ẹjọ́ ti parí. Lórí ìbúra, ó ní kí n ṣáà gbé Bíbélì, kí inú adájọ́ lè yọ́ sí mi. Lórí owó, ó ní, "Ẹ mú ohun tó wà lọ́wọ́ yín wá ná, a jọ máa rí i." Àgbà tó ń ná ọjà fún ogójì ọdún mọ̀ pé ọjà tí wọn ò dá iye lé, òun ló ń wọ́n jù. Lọ́yà tó bá sì ṣèlérí fún ẹ pé o ti jàre, ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ ló ń tà fún ẹ.

Ẹ̀kẹta, Ondó ni. Obìnrin ni, ọ́fíìsì rẹ̀ kò tóbi, onígbàgbọ́ sì ni. Ó gba ₦10,000 lọ́wọ́ mi fún ìjókòó ọjọ́ náà, ó fún mi ní rìsíìtì. Mo kọ́kọ́ dárúkọ ẹbí yẹn, ó wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Rárá, mi ò bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Tí mo bá gba iṣẹ́ yín, ẹ̀yin nìkan ni mò ń ṣe é fún." Ó ka àgírímẹ́ńtì mi láti òkè dé ilẹ̀, èmi jókòó, ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó kà á tán, ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ gbọ́ ló kọ́kọ́ sọ: "Màmá, ìlà yìí le. Tá a bá dé kọ́ọ̀tù, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ pàdánù kànga yẹn." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní ayálégbé tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà, tí àdéhùn kò bá sọ òmíràn, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi tipátipá kó ẹrù mi síta láìjẹ́ pé kọ́ọ̀tù ló sọ bẹ́ẹ̀. Lórí irin, ó ní, "Ẹ̀tọ́ yín ni, Màmá. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 38, fún kálukú ní òmìnira ẹ̀sìn tirẹ̀. Irin yín kò ní dí mi lọ́wọ́."

Mo yàn án lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó, kì í ṣe ẹlẹ́sìn mi, kì í ṣe ẹbí mi, kò pariwo. Ṣùgbọ́n ó ka ìwé mi tán kó tó lanu, ó sì sọ ibi tó ti máa dùn mí fún mi. Kí n tó dé ilé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìwé ti dé: iye tó máa gbà láti kọ lẹ́tà àti láti bá wọn jókòó, iye tó máa jẹ́ tó bá di kọ́ọ̀tù, àti ohun tí kò sí nínú owó náà.

Kò dé kọ́ọ̀tù. Ìgbà mẹ́ta ló pè wọ́n jókòó. Ní 2022, a fọwọ́ sí ìwé tuntun: kí n lo ọdún méjì sí i, kí n máa san ₦120,000, kí n kó páànù mi, ìlẹ̀kùn mi àti ìkòkò mi lọ tí mo bá ń lọ, kí wọ́n sì yọ ₦100,000 nínú owó ọdún kejì nítorí kànga. Kànga fúnra rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò ní tàn yín pé lọ́yà dáadáa ló ń gba gbogbo nǹkan padà. Ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi sọnù ní 2014, ìwọ̀n tó ṣeé gbà ló bá mi gbà níbẹ̀. Ká ní mo san irú owó kékeré yẹn fún un kí n tó fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́, kànga ì bá ṣì jẹ́ tèmi.

Ìgbà tí a parí èyí ló bi mí pé, "Màmá, ta ló ni orúkọ tó wà lára ọṣẹ yín?" Oríkì ìyá mi ni orúkọ yẹn. Mo ní èmi ni mo ni ín, ọmọkùnrin kan ti bá mi fi orúkọ náà sílẹ̀ ní CAC. Ó ní ìwé CAC dára, ṣùgbọ́n orúkọ òwò ló fi sílẹ̀, kò dáàbò bo àmì tó wà lára ọjà. Ọ́fíìsì tó ń rí sí àmì ọjà, Abuja ló wà, lọ́tọ̀ ni, ọdún méje àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń fúnni kéèyàn tó sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún mẹ́rìnlá. Ó ní òun kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ó mú mi lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe é. Mo tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Babaláwo tó bá mọ̀ pé àìsàn kan ju òun lọ, tó sì darí ẹ síbòmíràn, òun lo máa padà lọ bá lọ́jọ́ mìíràn.

Òun náà ló là mí yé pé orúkọ òwò kò yà mí sọ́tọ̀ kúrò lára òwò: gbèsè ọṣẹ lè wọlé wá bá mi nínú yàrá. Kọ́ńpìnnì ní tirẹ̀ dá dúró lójú òfin, láti ìgbà òfin CAMA ti 2020 sì ni ẹnì kan ṣoṣo ti lè dá a sílẹ̀. Kò tì mí sí i. Ó ní kí n dúró dìgbà tí mo bá fẹ́ mú ẹlòmíràn wọlé.

Ìgbà yẹn dé ní 2023. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń bá mi tajà ní Àkúrẹ́, fẹ́ fi owó sí i. Ẹbí ní kí ni ìwé fẹ́ ṣe láàrin èmi àti ọmọ mi? Mo ní nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. A kọ ọ́ sílẹ̀: ìpín tèmi, ìpín tirẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá kú, tí òun bá fẹ́ jáde, tí a bá jà. Mo ní kí òun náà wá lọ́yà tirẹ̀ tó máa bá a ka ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà kọ́!" Mo ní, "Lọ́yà tèmi ni èyí. Wá tìẹ." Ó wá a. Lọ́yà rẹ̀ yí ìlà méjì padà, mo sì rí i pé ó tọ́.

Lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí i, a dé ojúbo Ògún bàbá mi. A pa obì, a da epo, a fi ẹnu kan irin pé a ò ní dalẹ̀ ara wa. Irin di ọkàn àwa méjì mú. Ìwé di ti àwọn ọmọ wa tí kò sí níbẹ̀ mú. Mi ò rí ìjà kankan láàrin méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ má dúró dìgbà tí lẹ́tà bá dé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó fẹ́ mú alájọṣe wọlé, kó wá lọ́yà tirẹ̀ ṣáájú, kó bèèrè iye owó lórí ìwé, kó gba rìsíìtì. Tí lọ́yà bá hùwà tí kò tọ́ sí yín, NBA wà, ìgbìmọ̀ tó ń bá lọ́yà wí, LPDC, sì wà. Àmọ́ kó má tiẹ̀ dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní ẹnu ọ̀nà: ta ló ni lọ́yà yìí?

Ògún á là wá lọ́nà, kò ní fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ò ní di ti ẹlòmíràn. Ogbó ató fún gbogbo ilé wa. Àṣẹ.